Dúró Ládípọ̀, Olùpín-ohùn: Iṣẹ́ Ìlù àti Orin nínú Àwọn Eré-oníṣe Rẹ̀

Ìfáàrà

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ eré-oníṣe Yorùbá, ìwé ni a fi ń kọ́ Ọba Kò So. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ra ìwé, yóò kà á, yóò ṣe àlàyé ẹ̀dá-ìtàn, yóò tọ́ka sí àfiwé àti àwítúnwí, yóò sì gba máàkì rẹ̀. Ní ọdún kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde ní kíláàsì mi, ó ní òun fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń pariwo eré yìí káàkiri ayé, nígbà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò gùn, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ oríkì tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ti ń kì tipẹ́tipẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìbéèrè gidi ni. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ orí ìwé nìkan ni Ọba Kò So, n kò mọ bí a ó ti dá ọmọ náà lóhùn.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe ìwé kíkọ ni olórí iṣẹ́ tí Dúró Ládípọ̀ ṣe láyé. Ohùn ni ó ń pín. Òun ni ó ń pinnu ìlù tí yóò sọ̀rọ̀ àti èyí tí yóò dákẹ́, ẹni tí yóò lé orin àti àwọn tí yóò gbè é, ẹ̀dá-ìtàn tí yóò sun ìjálá àti èyí tí yóò pe ọfọ̀. Nínú eré olórin ti àwọn òyìnbó, iṣẹ́ yìí ní orúkọ tirẹ̀, ó sì ní ẹni tí ń gba owó lé e lórí. Ní Broadway, ní ìlú New York, ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin lè kọ kìkì ohùn orin àti ti dùùrù sílẹ̀, kí ó wá gbé e fún ẹlòmíràn tí yóò pín in fún fèrè, fún àwọn olókùn, fún ìlù àti fún gbogbo ohun-èlò yòókù. Robert Russell Bennett, tí a bí ní ọdún 1894 tí ó sì kú ní 1981, ni ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún Oklahoma! ní ọdún 1943, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Richard Rodgers ni ó ni orin inú rẹ̀. Òun àti Philip J. Lang ni wọ́n jọ ṣe ti My Fair Lady ní 1956. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó mọ àwọn orin wọ̀nyí lórí, tí wọn kò sì gbọ́ orúkọ Bennett rí.

Mo ń pe ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní olùpín-ohùn, mo sì ń pe iṣẹ́ náà ní ìpínhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju èyí lọ, kí ó mú un wá. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ẹni tí a yà sọ́tọ̀ fún un: ẹnì kan náà ni ó ń ṣẹ̀dá orin, tí ó ń to ọ̀rọ̀, tí ó ń darí eré, tí ó sì tún ń jó níwájú. Nítorí náà ni iṣẹ́ náà fi ń sá pamọ́ fún wa, tí a sì ń rò pé kò sí.

Ilé-ìjọsìn àti ohùn èdè

Dúródọlá, Dúrósọmọ, Dúróoríkẹ́: ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ wọ̀nyí yóò mọ̀ pé àwọn òbí rẹ̀ ti rí ojú àbíkú kí wọ́n tó bí i. Baba rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà, inú ilé-ìjọsìn ni ó sì ti mọ orin. Òun náà ṣe iṣẹ́ tíṣà kí ó tó di òṣèré. A kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo ilé-ẹ̀kọ́ orin tí ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ fún un. Nínú ẹgbẹ́ akọrin ni ọmọdé ti ń kọ́ pé orin kan ṣoṣo lè jẹ́ ti ọ̀nà mẹ́rin, pé ohùn obìnrin méjì àti ohùn ọkùnrin méjì lè rìn papọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan tẹ ẹnìkejì mọ́lẹ̀. Ìmọ̀ ìpínhùn ni èyí, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ àléébù kan wà níbẹ̀ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè mọ̀. Ohùn orin òyìnbó ni wọ́n da ọ̀rọ̀ Yorùbá lé lórí, bẹ́ẹ̀ sì ni èdè wa jẹ́ èdè olóhùn. Bí ohùn orin bá ń gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ yóò dojú rú. Ẹni tí ó fẹ́ kọrin nípa ìgbà wa yóò bá ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń kọrin nípa igbá wa, yóò sì dàbí ẹni pé àwo ìjẹun ni a ń dúpẹ́ lé lórí. Ó ti mọ́ àwọn olùjọsìn lára débi pé wọn kò gbọ́ ọ mọ́.

Kì í ṣe Ládípọ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tí èyí dùn. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti ṣẹ̀dá orin ìjọsìn tí ó bọ̀wọ̀ fún ohùn èdè, ó sì ti kọ díẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. T. K. Ekúndayọ̀ Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní Kátídírà ti Kristi ní Èkó, tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Hubert Ògúndé pẹ̀lú, inú ìjọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó gbé eré rẹ̀ lórí ọgbà Édẹ́nì jáde ní Èkó ní ọdún 1944. Ohun tí ó ya Ládípọ̀ sọ́tọ̀ ni ibi tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó ṣe eré orin Àjíǹde kan fún ìjọ All Saints ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù dùndún wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ariwo.

A máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé àwọn àgbà ìjọ kàn kórìíra àṣà ni. Èrò tèmi ni pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Dùùrù kì í sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹni tí ó jókòó tì í bá tẹ̀ ni yóò dún. Dùndún ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí onílù bá ń fún ọsán ìlù pọ̀ tí ó sì ń tú u sílẹ̀, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń tò, àwọn tí ó jókòó sí àga ìjọ sì lè gbọ́ gbólóhùn tí kò sí nínú ìwé ìsìn. Onílù lè ki bàbá oníwàásù. Ó lè pa òwe tí gbogbo ènìyàn yóò gbọ́, tí kò sì sí ẹni tí yóò lè mú un pé ó sọ ọ́. Ẹni tí ó bá gba dùndún láyè nínú ilé-ìjọsìn ti gba olùsọ̀rọ̀ kejì láyè. Lónìí, gángan ń dún nínú àwọn ìjọ tí ó jẹ́ pé bàbá wọn ìbá lé e síta, ṣùgbọ́n ọdún tí Ládípọ̀ dán an wò kò tíì rí bẹ́ẹ̀.

Láti Òṣogbo

Ulli Beier, ará Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Yunifásítì Ìbàdàn, ń gbé ní Òṣogbo nígbà náà. Wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961, níbẹ̀ sì ni Ládípọ̀ gbé eré orin Kérésìmesì rẹ̀ lọ ní ìparí ọdún náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1962, wọ́n ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ó jẹ mọ́ ilé tí àwọn ará ibẹ̀ ń mọ láti bu ọlá fún òrìṣà wọn. Etí àwọn ará Òṣogbo kò gbọ́ Ìgbò. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni ‘m̀bá rí, m̀bá yọ̀’, orúkọ náà sì di Mbari Mbayo. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ àjèjì ṣe wọlé, tí a fún un ní ohùn tiwa, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀. Irú ohun tí Ládípọ̀ fẹ́ fi orin ṣe gan-an nìyẹn.

Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n fi ṣí ilé náà. Ìtàn Ọ̀yọ́ ni, irú èyí tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1921. Kíkúrò tí Ládípọ̀ kúrò nínú ìtàn Bíbélì bọ́ sínú ìtàn Ọ̀yọ́ ni àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ sábà máa ń tẹnu mọ́. Ó tọ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyípadà tí ó tóbi jù ú lọ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ àwọn ènìyàn tí a lè kó jọ kí a sì kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Àyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti mọ iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Inú agbo-ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ, ìlù kọ̀ọ̀kan sì ní ìwà, ní òrìṣà, ní ìgbà tí a ń lù ú àti ìgbà tí a kì í lù ú. Olùpín-ohùn tí ó bá fẹ́ lò wọ́n kò lè máa pàṣẹ bí ẹni tí ó mú bébà dání. Yóò kọ́kọ́ mọ ohun tí ìlù ti mọ̀, yóò wá yàn nínú rẹ̀. Ó sì bá Ládípọ̀ lára mu pé Òṣogbo ni ó wà. Ẹdẹ kò jìnnà síbẹ̀, níbi tí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, ọba tí ó mọ ìlù lù tí ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀, ti wà lórí ìtẹ́.

Ìpínhùn nínú Ọba Kò So

Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe Ọba Kò So. Ìtàn rẹ̀ kò ṣòroó sọ. Ṣàngó ní jagunjagun méjì, Tìmì àti Gbọ̀ọ́nkáà, agbára wọn sì ń kọ àwọn ará ìlú lóminú. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ. Gbọ̀ọ́nkáà lọ mú un padà. Wọ́n jà ní Ọ̀yọ́. Ọ̀rọ̀ wá dà sí ọba lórí, ó sì fi ìlú sílẹ̀. Ẹni tí ó bá wá ìyípo ìtàn tó lọ́jú pọ̀ kò ní rí i níbẹ̀. Inú ohùn ni ó ti lọ́jú pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Ṣàngó. Bàtá ni ìlù rẹ̀, gbogbo Yorùbá ni ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàtá yàtọ̀ sí dùndún ní ọ̀nà tí ó ṣe pàtàkì fún eré yìí. Dùndún lè yọ́ láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn gẹ́gẹ́ bí ẹnu ènìyàn ti ń ṣe. Nítorí náà ni ó fi ń yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bàtá kò ní ọsán tí a ń fún. Ojú méjì ni ìyáàlù rẹ̀ ní, ojú òjò tí ó tóbi tí a ń fi ọwọ́ lù, àti ṣáṣá tí ó kéré tí a ń fi bílálà nà. Àpapọ̀ ìlù ojú méjèèjì yìí pẹ̀lú ti omele ni onílù fi ń sọ ọ̀rọ̀, ó sì máa ń já, ó máa ń ta, ó máa ń bú gbàmù. Àwọn onílù bàtá tilẹ̀ ní ẹnà tiwọn tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ dùndún dáadáa ni bàtá ń sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀ tí kò mọ ohun tí ó wí. Ó mọ̀ pé a sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń ṣe lórí ìtàgé. Ọba tí ìlù rẹ̀ ń sọ ohun tí àwọn ará ìlú kò gbọ́ tán ni Ṣàngó. Ìbẹ̀rù tí ó wà láàárín òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti wà nínú ìlù kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ládípọ̀, tí ó ń ṣe Ṣàngó fúnra rẹ̀, kò nílò kí ẹ̀dá-ìtàn kan dìde kí ó máa ṣe àlàyé pé ọba yìí ju agbára wa lọ. Òǹkọ̀wé tí kò ní bàtá ìbá ti fi ojú ewé mẹ́ta sọ ọ́.

Àwọn yòókù náà ní ohùn tiwọn. Ọ̀nà ìjálá ni Tìmì ń gbà sọ̀rọ̀, èyí tí ó jẹ́ ti ọdẹ àti ti Ògún, tí ń fi ẹnu yangàn, tí ó sì ń mú afẹ́fẹ́ oko wọ ààfin. Ọfọ̀ ni agbára Gbọ̀ọ́nkáà. Ọfọ̀ kì í ṣe orin. Ó ní ìlànà tirẹ̀, ó ń yára, ó ń tẹ̀ lé ara rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tí ń sáré, ẹni tí a ń pè é sí kò sì ní àyè láti gbè é. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé, ìran ìjà ni ìwé yóò pè é, ṣùgbọ́n ohun tí etí ń gbọ́ ni irú ewì alohùn méjì tí ń bá ara wọn du àyè. Oorun tí ọfọ̀ fi kun Tìmì, oorun ìjálá ni: ohùn tí ó ń yangàn ni a gbọ́ tí ó lọ sílẹ̀. Ní ti àwọn olorì, oríkì ọba ni ó wà lẹ́nu wọn, pẹ̀lú ohùn gígùn tí ń fa ọ̀rọ̀, ìyẹn sì ń tu ènìyàn lára lẹ́yìn bàtá. Àwọn ará ìlú ló ń gbe orin. Ègbè wọn ni ó sọ wọ́n di ìlú. Nígbà tí wọ́n bá pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ ọba, a ó ti gbọ́ ọ kí a tó rí i.

Àkíyèsí kan wà tí n kì í fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbójú fò. Nínú irú ìpínhùn yìí, ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ ohun-èlò. Bí a bá ti so ìlù kan mọ́ ẹ̀dá-ìtàn kan, ìgbà tí ìlù náà bá dákẹ́ tí ẹni náà ṣì dúró níbẹ̀, a ti bọ́ ọ láṣọ lójú gbogbo ayé nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ ní kíláàsì, pé oríkì àtijọ́ ni ó pọ̀ níbẹ̀, òtítọ́ ni. Ládípọ̀ kò ṣẹ̀dá oríkì Ṣàngó. Bennett náà kò ṣẹ̀dá orin Rodgers. Iṣẹ́ olùpín-ohùn ni láti mọ ẹni tí yóò sọ ọ́, ìgbà tí yóò sọ ọ́, àti ohun tí yóò máa dún lábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin ní 1964, wọ́n sì gbé e lọ sí Ìlú Ọba fún àjọ̀dún iṣẹ́-ọnà Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní 1965. Àwọn tí ó wò ó níbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ wọ́n kí i káàbọ̀ tayọ̀tayọ̀. A lè sọ pé ijó àti aṣọ ni wọ́n rí. Èmi rò pé wọ́n gbọ́ ìpínhùn náà, nítorí pé òun ni kò nílò ògbufọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Ọba Wàjà, ní 1964, lórí ọ̀rọ̀ ikú Aláàfin àti ti Ẹlẹ́ṣin rẹ̀ lábẹ́ ìjọba àwọn òyìnbó, ìtàn tí Wọlé Ṣóyínká náà kọ̀wé lé lórí ní 1975. Èyí tí ó wúlò jù fún wa ni Mọ́remí. Nínú ìtàn náà, àwọn Ìgbò tí ń yọ Ifẹ̀ lẹ́nu jẹ́ àjèjì sí àwọn ará Ifẹ̀. Ládípọ̀ kò sọ fún àwọn òṣèré rẹ̀ pé kí wọ́n yí ohùn padà kí wọ́n sì ṣe bí àjèjì. Àwọn oníjó láti Agbor ni ó mú wá, pẹ̀lú orin àti ijó tiwọn, kí wọ́n ṣe àwọn Ìgbò. Ìjà láàárín ìlú méjì wá di ìjà láàárín orin méjì tí kò jọ ara wọn, ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó sí iwájú ìtàgé kò sì lè ṣì wọ́n mọ̀. N kò rí eré Yorùbá mìíràn nígbà náà tí ó fi ìgboyà bẹ́ẹ̀ ṣe ìpínhùn.

Ohun tí ìwé kò lè gbé

Dúró Ládípọ̀ kú ní ọjọ́ 11, oṣù kẹta, ọdún 1978. Ìyàwó rẹ̀, Abíọ́dún, tí ó ti ń ṣe Ọya pẹ̀lú rẹ̀, ni ó di ẹgbẹ́ náà mú lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwé Ọba Kò So tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń lò ni èyí tí Ilé-ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1972, pẹ̀lú ìtumọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. R. G. Armstrong, Robert L. Awújọọlá àti Val Ọláyẹmí ni wọ́n ṣe é, láti inú téèpù tí wọ́n gba ohùn eré náà sí. Ẹ jẹ́ kí a ronú lórí èyí dáadáa. A kò kọ́kọ́ kọ ìwé kí a tó ṣeré. Ohùn ni ó ṣáájú. Àwọn onímọ̀ jókòó ti téèpù, wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń kọ. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ọpẹ́ sì yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí álífábẹ́ẹ̀tì lè gbé ni wọ́n gbé. Ìwé lè sọ fún wa pé ìlù dún níbí. Kò lè sọ ohun tí omele ń wí nígbà tí ìyáàlù dákẹ́.

Kì í ṣe pé ọ̀nà kò sí rárá. Múráínà Oyèlámì, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Ládípọ̀ kí ó tó lọ kọ́ni ní ìlù ní Yunifásítì Ifẹ̀, ti ṣe ìwé kan jáde ní 1989 tí ó ní ọ̀nà tuntun tí a lè gbà kọ ìlù dùndún sílẹ̀, ó sì ṣe ti bàtá lẹ́yìn náà. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ mélòó nínú wa ni ó ti gbìyànjú láti fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọ ìran kan ṣoṣo nínú Ọba Kò So sílẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lókè, ìyáàlù lábẹ́ rẹ̀, omele lábẹ́ ìyáàlù? A ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi pé wọn kò fẹ́ràn eré-oníṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni a ń fún wọn. Àwọn tí ó lu ìlù náà ní àwọn ọdún 1960, díẹ̀ ni ó kù nínú wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ni kò sì gba ìlù lọ́wọ́ wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé ìbéèrè ọmọ náà, mo mú onílù bàtá kan àti ọmọ rẹ̀ tí ń lu omele wá sí kíláàsì. Mo ní kí ọmọ náà ka ọ̀rọ̀ Ṣàngó kan nínú ìwé láìsí ìlù. Ó kà á. Mo ní kí ó tún un kà, kí àwọn onílù sì bá a lọ. Kò ka ìlà méjì tán tí ó fi dúró. Ó gbé ìwé lé orí tábìlì, ó bi onílù àgbà náà pé, ‘Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, kí ni ìlù yín ń sọ fún mi?’ Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí ó kọ́kọ́ ka tirẹ̀ tán.